Mi ò fẹnu kan nǹkan mọ́jú, níbo ni súgà àárọ̀ ti wá?

Ìbéèrè tí mo fẹ́ dáhùn lónìí, màmá kan tó ń ta mọ́ínmọ́ín àti ẹ̀kọ l'Óṣogbo ló ní kí ọmọ wọn bá wọn tẹ̀ ẹ́ ránṣẹ́. Ẹni ọdún 57 ni wọ́n, ọdún kẹfà rèé tí wọ́n ti ń lo oògùn àtọ̀gbẹ, metformin láàárọ̀ àti lálẹ́, glimepiride ẹyọ kan láàárọ̀. Wọ́n ní lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun àwọn jẹ àmàlà díẹ̀ àti ewédú ní aago mẹ́jọ alẹ́, nígbà táwọn fẹ́ sùn ní aago mọ́kànlá àwọn wo súgà, 124 ló wà. Wọ́n dìde ní aago méjì ààbọ̀ òru kí wọ́n lè bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ẹ̀wà, omi nìkan ló kan ẹnu wọn, nígbà tó di aago mẹ́fà àárọ̀ wọ́n tún wò ó, ó ti di 171. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi parí ẹ̀ wọ̀ mí lára: "Dọ́kítà, ẹnu mi wà ní pípadé láti alẹ́, ta ló wá ń fún mi ní súgà jẹ lóru?" Ọmọkùnrin tó wà ní kẹ́mísì àdúgbò wọn ti ní kí wọ́n sọ glimepiride di méjì. Bàbá ilé wọn ní ọ̀rọ̀ oògùn kọ́, àìsùn ni. Wọ́n fẹ́ mọ èwo ni ká gbà gbọ́ níbẹ̀, ṣé oorun lè gbé súgà sókè lóòótọ́.

Mọ́mì, ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú àìsùn. Mo mọ̀ pé bí a ṣe máa ń kí àwọn tó ń fòru ṣiṣẹ́ nìyẹn, àmọ́ lónìí òun gan-an lọ̀rọ̀ wa.

Kí n tètè sọ èyí tó ká mi lára jù ná: ẹ má lo glimepiride méjì yẹn. Tẹ́ ẹ bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó, ẹ padà sórí ẹyọ kan tí dókítà yín kọ fún yín, kẹ́ ẹ sì pe dókítà yín lónìí. Màá sọ ìdí ẹ̀ tó bá yá. Bàbá ló sún mọ́ òótọ́ jù, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ní gbòǹgbò tó jìn díẹ̀.

Súgà yẹn, inú ẹ̀dọ̀ yín ló ti wá. Ẹ̀dọ̀ ni àká ara. Nígbà tẹ́ ẹ jẹ àmàlà yẹn, ara lo èyí tó fẹ́ lò, ó kó lára ìyókù lọ sínú ẹ̀dọ̀, ó tì í mọ́bẹ̀. Tẹ́ ẹ bá wá sùn, ọpọlọ yín ò sùn, ọkàn yín ò sùn, wọ́n ṣì ń jẹun, nítorí náà ẹ̀dọ̀ á máa bu súgà jáde díẹ̀díẹ̀ títí ilẹ̀ á fi mọ́. Ẹni tí ò ní àtọ̀gbẹ náà, bí ẹ̀dọ̀ tiẹ̀ ṣe ń ṣe nìyẹn, ìyẹn ni kì í jẹ́ ká kú sójú oorun. Tó bá wá ń tó bí aago mẹ́ta ìdájí lọ sókè, ara á bẹ̀rẹ̀ sí í múra àtijí, àwọn họ́mọ̀nù kan á gbéra, kọ́tísọ́ọ̀lù wà lára wọn, họ́mọ̀nù tó ń mú ọmọdé dàgbà náà wà níbẹ̀, wọ́n á ní kí ẹ̀dọ̀ ṣí ilẹ̀kùn àká dáadáa kéèyàn lè rí agbára fi dìde. Lára ẹni tára ẹ̀ dá, inṣúlíìnì, ìyẹn họ́mọ̀nù tó ń kó súgà kúrò nínú ẹ̀jẹ̀, á jáde lójú ẹsẹ̀, á ní ó tó, ẹ tì í. Lára ẹni tó ní àtọ̀gbẹ bíi tiyín, inṣúlíìnì ò pọ̀ tó mọ́, èyí tó tún wà, ẹ̀dọ̀ kì í gbọ́ràn sí i lẹ́nu. Ilẹ̀kùn á wá ṣí sílẹ̀ gbayawu, súgà á máa dà sínú ẹ̀jẹ̀, ẹnu yín á sì wà ní pípadé bẹ́ ẹ ṣe sọ. Láti 1981 làwọn dókítà ti fún un lórúkọ, súgà ìdájí lèmi máa ń pè é fáwọn aláìsàn mi. Nítorí náà ẹ má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni fẹ̀sùn kàn yín pé ẹ ń jí nǹkan jẹ lóru. Mo ti rí ilé tí ọ̀rọ̀ yìí ti di ìjà, tí àwọn ọmọ ń ti kọ́bọ́ọ̀dù mọ́ ìyá wọn.

Ẹ ó ní, tó bá jẹ́ pé ẹ̀dọ̀ gbogbo èèyàn ló ń ṣe bẹ́ẹ̀, kí ló wá kan oorun níbẹ̀? Ó kàn án gan-an ni. Lọ́dún 1999, àwọn onímọ̀ kan ní Yunifásítì Chicago l'Amẹ́ríkà kó ọ̀dọ́mọkùnrin 11 jọ, ara wọn le koko, kò sẹ́ni tó ní àtọ̀gbẹ nínú wọn. Oru mẹ́fà gbáko, wákàtí mẹ́rin péré ni wọ́n ní kí wọ́n máa fi wà lórí bẹ́ẹ̀dì. Lẹ́yìn ẹ̀ ni wọ́n wá jẹ́ kí wọ́n sùn àsùnyó, wákàtí méjìlá lórí bẹ́ẹ̀dì, oru mẹ́fà míì. Nígbà tí wọ́n wo bí ara wọn ṣe ń kó súgà kúrò nínú ẹ̀jẹ̀, lásìkò àìsùn yẹn iṣẹ́ ọ̀hún fi nǹkan bí 40 nínú ọgọ́rùn-ún falẹ̀ ju ìgbà tí wọ́n sùn yó lọ, kọ́tísọ́ọ̀lù tó yẹ kó ti wálẹ̀ tó bá dalẹ́ sì wà lókè síbẹ̀. Lọ́dún 2010, àwọn kan ní Leiden lórílẹ̀-èdè Netherlands tún dán an wò lára èèyàn 9 tára wọn dá, oru kan ṣoṣo tí wọ́n fi wákàtí mẹ́rin sùn ti tó kí inṣúlíìnì má lè ṣiṣẹ́ ẹ̀ bó ṣe yẹ lọ́jọ́ kejì. Oru kan o.

Ẹ jẹ́ ká wá ka tiyín. Aago mọ́kànlá sí aago méjì ààbọ̀, wákàtí mẹ́ta ààbọ̀ ni, ẹ sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé ẹ máa ń dìde tọ̀ lẹ́ẹ̀mejì láàárín ẹ̀. Ẹ ní ó ti tó ọdún méjìlélógún tẹ́ ẹ ti ń fi ìdájí ṣe mọ́ínmọ́ín, òun lẹ fi rán àwọn ọmọ níléèwé. Àwọn ọ̀dọ́ Chicago yẹn, lẹ́yìn oru mẹ́fà wọ́n ní kí wọ́n máa lọ sùn. Ẹ̀yin, kò sẹ́ni tó ní kẹ́ ẹ lọ sùn. Mi ò sọ pé mọ́ínmọ́ín ló fún yín ní àtọ̀gbẹ o, àtọ̀gbẹ ní ohun púpọ̀ tó ń fà á, ìran wà níbẹ̀, sísanra jù wà níbẹ̀, ọjọ́ orí wà níbẹ̀. Ohun tí mò ń sọ ni pé ọdún mẹ́fà lẹ ti ń lọ sí kíníìkì, wọ́n ń bi yín léèrè oúnjẹ, wọ́n ń bi yín léèrè oògùn, tí ẹnikẹ́ni ò bá sì tíì bi yín rí pé "Mọ́mì, aago mélòó lẹ ń sùn, aago mélòó lẹ ń jí?", a jẹ̀bi yín. Mo fi ara mi kún un, torí ọ̀pọ̀ ọdún lèmi náà fi ń lé oògùn sókè fáwọn èèyàn láìbéèrè oru wọn. Lọ́dún 2022 ni ẹgbẹ́ àwọn tó ń tọ́jú àtọ̀gbẹ l'Amẹ́ríkà àti ti Yúróòpù jọ kọ ọ́ sínú ìlànà wọn pé oorun wà lára ohun tó yẹ ká máa wò, bá a ṣe ń wo ìrìn àti iṣẹ́ ara, pé àwọn tí oorun wọn ò tó wákàtí mẹ́fà, súgà oṣù mẹ́ta wọn, ìyẹn àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tó ń fi bí súgà ṣe rí láti nǹkan bí oṣù mẹ́ta sẹ́yìn hàn, kì í sábà dáa, àwọn tó ń sùn ju mẹ́jọ lọ náà bẹ́ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ìtọ̀ yẹn náà, ẹ má fojú kéré ẹ̀. Kíndìnrín wa máa ń dá súgà padà sínú ẹ̀jẹ̀ ni, ṣùgbọ́n tí súgà bá ti ga kọjá nǹkan bíi 180, apá ẹ̀ ò ká a mọ́, súgà á bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ sínú ìtọ̀, kì í sì í dá lọ, á wọ́ omi dání. Ìdí nìyẹn téèyàn fi ń tọ̀ ṣáá lóru tí òùngbẹ sì ń gbẹ ẹ́. Ẹ wá wò ó, lóru tí súgà bá ga tó bẹ́ẹ̀, òun lè jí èèyàn dìde, jíjí yẹn náà á tún jẹ́ kí súgà ga sí i, bí ọ̀rọ̀ náà ṣe ń yípo nìyẹn. Àwọn kan á wá sọ pé àwọn ò ní mu omi mọ́ láti ọ̀sán, ìyẹn ò dáa, ńṣe lẹ̀jẹ̀ á ki. Ẹ mu omi yín dáadáa lọ́sàn-án, kẹ́ ẹ rọra dín in kù láti bíi wákàtí méjì kẹ́ ẹ tó sùn, kẹ́ ẹ sì tọ̀ kẹ́ ẹ tó gorí bẹ́ẹ̀dì. Tẹ́ ẹ bá ń lo oògùn ìfúnpá tó ń múni tọ̀, ẹ bi dókítà bóyá ẹ lè máa lò ó láàárọ̀.

Ohun kan wà tí ọmọ yín kọ sísàlẹ̀ bíi pé kò já mọ́ nǹkan kan, òun ló jẹ́ kí n jókòó dáadáa. Ó ní bàbá ti kó lọ sí yàrá kejì torí pé ẹ̀ ń hanrun bíi ẹ̀rọ ìlọta, pé nígbà míì ìhanrun yẹn á dákẹ́ lójijì, ẹ ò ní mí, bàbá á ti máa bẹ̀rù, lẹ́yìn náà ẹ ó mí kanlẹ̀ "hàáà!" bí ẹni tó jáde látinú omi. Mọ́mì, àárẹ̀ ọjà nìkan kọ́ nìyẹn. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ àìsàn tí èémí ń fi dúró lójú oorun. Bó ṣe ń ṣẹlẹ̀ nìyí: téèyàn bá sùn wọra, ẹran inú ọ̀fun á rọ̀, á dé mọ́ra wọn, afẹ́fẹ́ ò ní rí ọ̀nà gbà, ó lè tó ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá, ó lè jù bẹ́ẹ̀ lọ, afẹ́fẹ́ inú ẹ̀jẹ̀ á lọ sílẹ̀, ọpọlọ á ta gìrì, á jí èèyàn díẹ̀ kó lè mí, á tún sùn padà. Ó lè ṣẹlẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà láàárín wákàtí kan, tílẹ̀ bá mọ́ ẹni náà ò ní rántí ẹyọ kan níbẹ̀, á ṣáà sọ pé òun sùn. Gbogbo ìgbà tí ọpọlọ bá ta gìrì yẹn, àwọn họ́mọ̀nù tó ń ṣílẹ̀kùn àká yẹn náà ló ń gbéra. Àìsàn yìí wọ́pọ̀ gan-an láàárín àwọn tó ní àtọ̀gbẹ irú tiyín, pàápàá ẹni tó bá sanra lọ́rùn àti níkùn. Àmì ẹ̀ ni kí orí máa fọ́ni tá a bá jí, kí ẹnu gbẹ, kí ìfúnpá má gbọ́ oògùn, kéèyàn sì máa tòògbé lọ́sàn-án. Ọmọ yín ní ẹ̀ ń sùn lórí ìjókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ kúlà mọ́ínmọ́ín tí oníbàárà á fi dé tí á máa pè yín. Ẹ sọ èyí fún dókítà yín bí mo ṣe sọ ọ́ yìí, kí wọ́n lè wo ọ̀fun yín àti ọrùn yín, kí wọ́n sì rán yín lọ síbi tí wọ́n ti ń ṣe àyẹ̀wò oorun. Ibi tí wọ́n ti ń ṣe é ò pọ̀ nílẹ̀ wa, máṣíìnì tó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ síni nímú lóru sì wọ́n, mi ò ní purọ́ fún yín. Tẹ́ ẹ bá tiẹ̀ rí i rà, kì í ṣe gbogbo èèyàn ni súgà ẹ̀ ń sọ̀ kalẹ̀ torí ẹ̀, ṣùgbọ́n ó ń jẹ́ kéèyàn sùn gidi, ó sì máa ń dín ìfúnpá kù. Kó tó dìgbà yẹn, ẹ máa fi ẹ̀gbẹ́ sùn, ẹ má fi ẹ̀yìn lélẹ̀, kẹ́ ẹ sì jẹ́ ká gbìyànjú láti dín ara kù díẹ̀, kílò márùn-ún péré tó bá kúrò lè ṣe bẹbẹ.

Ó kù sí ọ̀rọ̀ glimepiride. Oògùn yìí ò ń bá ẹ̀dọ̀ yín sọ̀rọ̀ lóru. Ohun tó ń ṣe ni pé ó ń ti ara yín láti tú inṣúlíìnì jáde, yálà ẹ jẹun o, yálà ẹ ò jẹun, agbára ẹ̀ sì lè wà lára fún bí ọjọ́ kan gbáko. Tẹ́ ẹ bá wá sọ ọ́ di méjì torí 171 àárọ̀, àkókò tí súgà yín ti rọlẹ̀ tẹ́lẹ̀ ló lè lọ gbá mú, bíi aago kan òru tàbí ìgbà tẹ́ ẹ ti ń ṣiṣẹ́ láti aago méjì ààbọ̀ tí inú ṣófo, tẹ́ ẹ dúró ti ìkòkò mọ́ínmọ́ín tó ń hó lórí iná. Mo ń rí i lójú mi bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí, ojú kàn ṣú yín lẹ́gbẹ̀ẹ́ iná yẹn. Ọmọkùnrin kẹ́mísì ò rí ìdáná yín, nọ́ńbà kan ṣoṣo ló rí.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ̀kan fún yín. Ìyàwó kan wà, aránṣọ ni, ọkọ ẹ̀ ló mú un wá sí kíníìkì wa. Ó ti tó oṣù méjì tó ń lá àlá kan náà, àwọn kan á máa lé e, á fẹ́ pariwo, ohùn ò ní jáde, tó bá jí, orí ẹ̀ á máa fọ́, ara ẹ̀ á rin gbingbin. Wọ́n ti gbé e lọ sílé àdúrà mẹ́ta. Ọkọ wá rí i pé kò sẹ́ni tó ń gba òun gbọ́ pé òógùn yẹn ju ti ooru lọ, ó bá ká ìró tíyàwó ẹ̀ fi sùn sínú náílọ́ọ̀nù lọ́jọ́ náà, ó gbé e wá. Nígbà tí mo tú náílọ́ọ̀nù yẹn, ìró náà ṣì tutù, èèyàn lè fún omi jáde lára ẹ̀. Mo bi wọ́n pé oògùn wo ló ń lò, glibenclamide ni, oògùn àtọ̀gbẹ tó ń ti ara láti tú inṣúlíìnì jáde bíi glimepiride yín, ẹnì kan ti ní kó máa fi ẹyọ kan kún un lálẹ́ torí pé súgà àárọ̀ ẹ̀ ga. Mo ní kí wọ́n gún un lọ́wọ́ ní aago mẹ́ta òru, kí wọ́n pè mí tí nọ́ńbà bá wálẹ̀. Aago mẹ́ta kọjá díẹ̀ fóònù mi dún, 48. Wọ́n fún un ní súgà mu, a yọ ẹyọ alẹ́ yẹn kúrò, àwọn tó ń lé e lójú àlá ò padà wá mọ́. Mi ò bá àdúrà jà o, èmi náà ń gbàdúrà, àmọ́ tẹ́ni tó ń lo oògùn àtọ̀gbẹ bá ń lá àlá ẹ̀rù tí ara ẹ̀ ń rin, ẹ gún un lọ́wọ́ lójú ẹsẹ̀, kẹ́ ẹ máa bá àdúrà yín lọ.

Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ kẹ́ ẹ fún mi ní nọ́ńbà mẹ́ta dípò méjì. Ẹ wò ó kẹ́ ẹ tó sùn, ẹ wò ó bẹ́ ẹ bá ṣe jí ní aago méjì ààbọ̀ kẹ́ ẹ tó ṣe ohunkóhun, ẹ tún wò ó ní aago mẹ́fà. Oru mẹ́ta tó láti bẹ̀rẹ̀, ó dùn mọ́ mi pé ẹ̀yin ò nílò kẹ́nikẹ́ni máa jí yín. Tó bá dáa nígbà tẹ́ ẹ fẹ́ sùn, tó dáa ní aago méjì ààbọ̀, tó wá gòkè ní aago mẹ́fà, súgà ìdájí ni, ẹ̀dọ̀ ló ń ṣe é. Tó bá ti ga látìgbà tẹ́ ẹ fẹ́ sùn tó sì wà bẹ́ẹ̀ mọ́jú, oúnjẹ alẹ́ tó pẹ́ ni, tàbí oògùn ni ò tó, dókítà ló máa yanjú ìyẹn. Tí ti aago méjì ààbọ̀ bá wá wà nísàlẹ̀ 70, oògùn ti pọ̀ jù nìyẹn, ó lè jẹ́ pé ara ló fúnra ẹ̀ gbé e padà sókè kílẹ̀ tó mọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé èyí ò wọ́pọ̀ tó bá a ṣe rò tẹ́lẹ̀. Ẹ ò gbọ́dọ̀ sùn padà lórí nọ́ńbà bẹ́ẹ̀. Ẹ po súgà onígun mẹ́ta sí mẹ́rin sómi, ẹ mu ún, ẹ dúró ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ẹ tún wò ó, tó bá ti gòkè ẹ jẹ ẹ̀kọ díẹ̀ lé e. Ẹni tí ò bá mọ nǹkan mọ́, ẹ má da ohunkóhun sí i lẹ́nu o, ilé ìwòsàn ni. Àti pé, ẹ fọṣẹ fọwọ́ kẹ́ ẹ tó gún un, kẹ́ ẹ nù ún gbẹ, torí ìka tí súgà tàbí ọsàn bá wà lára ẹ̀ máa purọ́ fún máṣíìnì. Tó bá jẹ́ pé nọ́ńbà kékeré bíi 6.9 ni máṣíìnì ẹlòmíì ń gbé jáde, kó sọ ọ́ di ìlọ́po 18, á bá tiwa dọ́gba.

Bó ṣe wá máa ṣeé ṣe kẹ́ ẹ sùn nìyí. Mi ò ní sọ fún yín pé kẹ́ ẹ fi iṣẹ́ sílẹ̀, ìwà ìkà nìyẹn á jẹ́. Aago méjì ààbọ̀ ò ṣeé yí, mo gbà, torí àwọn ọmọ iléèwé àtàwọn òṣìṣẹ́ á ti dúró tó bá di aago mẹ́fà ààbọ̀. Ibi tó ṣeé yí ni iwájú. Láti aago mẹ́jọ tẹ́ ẹ jẹun sí mọ́kànlá tẹ́ ẹ sùn, kí lẹ̀ ń ṣe? Ọmọ yín ti tú àṣírí, ó ní fíìmù ni, àti fóònù, àti bíbó ẹ̀wà. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ bó ẹ̀wà láti aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́, kí wọ́n nu ewé, kí wọ́n gé àlùbọ́sà, kí wọ́n fọ ata sílẹ̀, kó jẹ́ pé lílọ̀ àti pípò ló máa kù fún yín lóru. Ẹ jẹun ní aago mẹ́fà, ó pẹ́ jù mẹ́fà ààbọ̀. Ara kì í fi bẹ́ẹ̀ lè kojú súgà oúnjẹ tílẹ̀ bá ti ṣú tán, àmàlà kan náà tẹ́ ẹ jẹ lọ́sàn-án àti èyí tẹ́ ẹ jẹ lálẹ́, ti alẹ́ lè gbé súgà ga jù. Ẹ wá wà lórí bẹ́ẹ̀dì tó bá fi máa di aago mẹ́jọ ààbọ̀. Láti mẹ́jọ ààbọ̀ sí méjì ààbọ̀, wákàtí mẹ́fà ti pé láìjẹ́ pé ẹ pẹ́ dé ìdí iná. Tẹ́ ẹ bá tà tán, ẹ rẹjú fún ìṣẹ́jú ogún sí ọgbọ̀n lọ́sàn-án, lórí bẹ́ẹ̀dì o, lẹ́gbẹ̀ẹ́ kúlà kọ́, kẹ́ ẹ má sì jẹ́ kó kọjá aago mẹ́ta kó má bàa jẹ oorun alẹ́. Ọjọ́ Àìkú tẹ́ ẹ kì í tà, ẹ má ṣe sùn ní aago méjìlá torí pé ọ̀la ò sí iṣẹ́, ara fẹ́ràn aago kan náà.

Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ oorun lè má wá ní mẹ́jọ ààbọ̀, ẹ má bínú sí i. Ẹ pa iná, ẹ gbé fóònù jìnnà, ẹ ta nẹ́ẹ̀tì kẹ́fọn má jẹ yín. Tó bá jẹ́ ooru ni, ẹ fomi tútù wẹ̀, ẹ ṣí fèrèsé. Jẹnẹrétọ̀ ò gbọdọ̀ wà ní kọ́rídọ̀ tàbí lẹ́bàá fèrèsé torí fáànù, èéfín ẹ̀ ń pààyàn lójú oorun. Obì tẹ́ ẹ ń jẹ láti fi lajú, èròjà tó wà nínú kọfí ló wà nínú obì náà, ẹ má fẹnu kàn án mọ́ tó bá ti kọjá ọ̀sán. Lexotan àti diazepam tí wọ́n ń tà ní kẹ́mísì pé ó ń múni sùn, ẹni tó ń hanrun tí èémí ẹ̀ ń dúró ò gbọdọ̀ lò ó láìjẹ́ pé dókítà mọ̀, torí ńṣe ló máa ń jẹ́ kí ọ̀fun rọ̀ sí i. Bẹ́ẹ̀ náà ni àdàlù oògùn ẹ̀yìn ríro tí wọ́n ń dì sínú náílọ́ọ̀nù kéékèèké, dexamethasone tàbí prednisolone máa ń wà nínú ẹ̀ nígbà míì, ó ń gbé súgà sókè, ó sì ń lé oorun lọ. Tó bá jẹ́ àtẹ́lẹsẹ̀ ló ń ta yín bí ata lóru tí ò jẹ́ kẹ́ ẹ sùn, ó lè jẹ́ pé àtọ̀gbẹ ti ba iṣan tó ń gbé ìmọ̀lára jẹ́, oògùn tiẹ̀ wà, ẹ sọ ọ́ ní kíníìkì.

Ohun kan ṣì wà nípa glimepiride ẹyọ kan yẹn. Ẹ ní ẹ̀ ń lò ó bẹ́ ẹ bá ṣe jí, aago mẹ́wàá ààbọ̀ lẹ sì ń jẹun àkọ́kọ́ lẹ́yìn títà. Wákàtí mẹ́jọ ni inṣúlíìnì á fi máa lé súgà kiri láìsí oúnjẹ. Oúnjẹ àkọ́kọ́ ló yẹ kó bá rìn. Ẹ bi dókítà yín bóyá kẹ́ ẹ gbé oògùn náà sí ìgbà tẹ́ ẹ ń jẹun ni, tàbí kẹ́ ẹ wá nǹkan díẹ̀ jẹ sí i ní kùtù. Mọ́ínmọ́ín kan láti inú ìkòkò yín á ṣe dáadáa.

Ẹ má retí pé oorun á gba ipò oògùn, kò lè gbà á. Ohun tí mo máa ń rí lára àwọn tó ń jí ní òru bíi tiyín tí wọ́n sì fa oorun síwájú ni pé súgà àárọ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í rọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì mẹ́ta, fún àwọn míì kì í ju mẹ́wàá sí ogún lọ. Àyẹ̀wò oṣù mẹ́ta ló máa wá sọ bó ṣe rí gan-an. Àárín 80 sí 130 la ń fẹ́ kí súgà àárọ̀ wà fún ọ̀pọ̀ àgbàlagbà. Tẹ́ ẹ bá ti sùn dáadáa fún oṣù kan tó ṣì ń kọjá 130, nígbà náà la máa mọ̀ pé oògùn ló fẹ́ àtúnṣe, dókítà yín á sì ní nọ́ńbà òru lọ́wọ́ láti fi ṣe é.

Ìwọ àbúrò tó ń kà á fún wọn, ra ìwé kékeré kan kó o fa ìlà mẹ́ta sí i, alẹ́, òru, àárọ̀, kó o so bírò mọ́ ọn lára kó má sọnù. Lálẹ́ òní, fún bàbá ní fóònù ẹ, kọ́ wọn ibi tí wọ́n ń tẹ̀ láti ká ohùn sílẹ̀, kí wọ́n rọra gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìrọ̀rí mọ́mì nígbà tí ìhanrun bá ti bẹ̀rẹ̀, ìṣẹ́jú mẹ́wàá ti tó. Fi ránṣẹ́ sí mi pẹ̀lú nọ́ńbà oru mẹ́ta yẹn, kó o sì fún dókítà wọn náà gbọ́.